Kókó, Odi àti Aràrá: Èdè-Ìperí fún Ìwòsàn Jẹjẹrẹ

Jẹjẹrẹ kan wà tí ó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Òmíràn a máa dì ní kókó sí ọmú, ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ti ìkejì yìí, atúmọ̀ lè yára sọ ọ́ di ‘kókó líle’. A kò fara mọ́ ọn. Obìnrin tí ó ń tajà ní Kútọ, Abẹ́òkúta, tí ó bá gbọ́ ‘kókó líle’, yóò fi ọwọ́ tẹ ọmú rẹ̀. Bí ohun tí ó bá níbẹ̀ kò bá le, yóò ní kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí, yóò sì padà sídìí ọjà. Bẹ́ẹ̀, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí ni pé àrùn náà dì jọ sójú kan. Kò sọ bí ó ti le tó lábẹ́ ọwọ́. ‘Jẹjẹrẹ oníkókó’ ni a dábàá. (Kí atẹ̀wé má gbàgbé àmì ohùn: kókó kì í ṣe kòkó.)

Ní 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a mú sẹ́ẹ̀lì agbèjà-ara jáde lára aláìsàn, kí a tún un ṣe, kí a sì dá a padà láti bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ jà. Ó di 2024 kí irú rẹ̀ tó rí àṣẹ gbà fún jẹjẹrẹ oníkókó kan, èyí tí kò wọ́pọ̀. Kókó a máa mọ odi yí ara rẹ̀ ká. Ọ́síjìn ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀, ó sì ń tú ohun tí ń kó àárẹ̀ bá agbèjà jáde. Ọmọ Ẹ̀gbá mọ odi: òun ni ó ran Abẹ́òkúta lọ́wọ́ nígbà tí ogun Dàhọ̀mì dé ní 1851 àti 1864. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ọ̀tá ni ó wà nínú odi. Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún àfiwé náà.

Níbi odi yìí ni ‘èròjà-aràrá’ ti wúlò. Aràrá gan-an ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí nano ti wá túmọ̀ sí. Èròjà náà wà láàárín nanomítà 1 sí 100, tí nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù mítà. ‘Bíńtín’ kò gbé e, nítorí iyanrìn náà jẹ́ bíńtín. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní MIT lẹ irú rẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì agbèjà. Bí ó bá kan ọ̀tá, oògùn tí ń fún un lágbára a tú jáde. Lára eku ni wọ́n ti dán an wò. Gẹ̀ẹ́sì pè é ní àpò ẹ̀yìn. Àwa lè pè é ní ‘aràrá àpọ̀n’, nítorí agbèjà pọ̀n ọ́n ni.

Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èèpo obì àti ti kòkó ṣe èròjà-aràrá fàdákà. Kì í ṣe ti agbèjà-ara, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gba àwọn méjèèjì.