Òfin Tuntun Íńdíà lórí Ìfọ́lé àti Wíwọlé Onílé

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2024 ni òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti Íńdíà, Bharatiya Nyaya Sanhita, gba ipò èyí tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1860. Ọ̀rọ̀ náà kan apá kan ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé òfin 1860 yìí ni Sudan wò ṣe tirẹ̀, ti Sudan sì ni Àríwá Nàìjíríà wò ṣe èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, tí ó kan ará Ìlọrin àti Ọ̀fà.

Nínú òfin Íńdíà méjèèjì, èrò ọkàn ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sùn. Ẹni tí ó wọ orí dúkìá tí ó wà ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn kò tíì jẹ̀bi, àfi bí ó bá wọ ibẹ̀ láti ṣẹ̀ sófin, tàbí láti dẹ́rù ba ẹni tí ó ni ìkáwọ́ náà, láti bú u tàbí láti mú un bínú. Ẹni tí wọ́n gbà wọlé, ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ láti jáde nítorí irú èrò bẹ́ẹ̀, náà jẹ̀bi. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ilé, àgọ́ tàbí ọkọ̀ ojú omi tí ènìyàn ń gbé, ilé ìjọsìn tàbí ilé ìkẹ́rùsí, ẹ̀sùn náà di wíwọlé onílé, kódà bí ó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ti wọlé. Ìfọ́lé wúwo jù ú lọ: òun ni kí ènìyàn dá ògiri lu, kí ó fò ó, kí ó ṣí àgádágodo tàbí kí ó lo ipá láti wọlé.

Abala méjìlélógún tí ó wà fún ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́fà, láti abala 329 dé 334. Owó ìtanràn tó ga jù, tí ó jẹ́ 500 rúpì fún wíwọ orí dúkìá àti 1000 fún wíwọlé onílé, ti di 5000 fún méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n wọn kò kúrò ní oṣù 3 àti ọdún 1. Fún ìfọ́lé tí a ṣe láti jalè, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 10 ní ọ̀sán àti 14 ní òru, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Òfin tuntun kò pe òru lórúkọ mọ́; ohun tí ó sọ ni lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò yọ. Òfin Gúúsù Nàìjíríà ń fi aago ka tirẹ̀ ní tirẹ̀, láti agogo 6:30 ìrọ̀lẹ́ sí 6:30 òwúrọ̀.

Àkókò tí òfin tuntun Íńdíà sọ yìí yẹ kí ó jẹ onílé lọ́kàn ju owó ìtanràn lọ, nítorí pé abala 41 òfin náà gbà pé ẹni tí ó ń dáàbò bo dúkìá rẹ̀ lè lọ títí dé orí gbígba ẹ̀mí ẹni tí ó ń fọ́lé láàárín wákàtí wọ̀nyí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ṣe kọjá ohun tí ìdáàbòbò náà ń fẹ́, tí kò sì sí àyè láti ké sí ìjọba.

Abala 305 gan-an ni ó mú ohun tuntun wá: olè jíjà láti inú ilé, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 7, ti wá kan jíjí ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ ẹrù, ẹrù inú ọkọ̀, ère ilé ìjọsìn àti dúkìá ìjọba. Ìfọ́lé tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2024 ṣì wà lábẹ́ òfin 1860, ìbáà jẹ́ òní ni ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ẹni tí ó ṣe é.