Òjìji Lójú Amóhùnmáwòrán: Bí A Ṣe Lè Wádìí Àwòrán Tí Kò Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni àwọn baálé ilé ti ń yí èríálì kiri, tí ọmọ kan á sì dúró lójú fèrèsé, tí yóò máa ké pé, "Ó ti dára! Ó tún ti bàjẹ́!" Mo fẹ́ fi hàn pé wàhálà yìí ní òfin tí ó ń tẹ̀ lé, àti pé ẹni tí kò bá mọ òfin náà lè tètè dá ẹjọ́ èké.

1. Ẹjọ́ tí mo dá

Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1984, ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde mọ́, ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ni ojú tí wọ́n fi ń wo ayé. Lójijì, olùka-ìròyìn di olórí méjì: òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró sí apá ọ̀tún àwòrán gbogbo. Mo pe alátùn-únṣe kan. Ó gba owó, ó pààrọ̀ nǹkan nínú àpótí, òjìji kò lọ. Nígbà náà ni mo rí i pé aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páànù tuntun kan ilé rẹ̀, mítà 15 péré sí èríálì mi. Mo lọ bá a, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ àgbàlagbà. Kò fèsì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá kí ìyá mi mọ́.

2. Ibi tí òjìji ti ń wá

Ẹni tí ó bá ké sí àpáta ńlá yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ohùn náà lọ, ó sì padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tí ó ń gbé àwòrán. Ọ̀kan wá tààrà láti orí òpó ilé-iṣẹ́. Èkejì kọ́kọ́ kan òkè tàbí ilé gíga, ó ta padà, ó sì pẹ́ dé. Nínú ètò àtijọ́, onílà 625, ìmọ́lẹ̀ ń ya àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún. Nítorí náà, ohun tí ó bá pẹ́ dé, apá ọ̀tún ni yóò ti hàn.

3. Ohun tí rúlà sọ

Ìgbì yìí ń rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, mítà 300 ni yóò rìn nínú ìdá kan. Ìlà kan lójú àpótí ń gba nǹkan bí ìdá 52. Ojú àpótí tiwa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Mo fi rúlà wọn òjìji náà: sẹ̀ǹtímítà 2 ni ó fi jìnnà sí àwòrán gidi. Ìtumọ̀ èyí ni pé ó fi ìdá 2.6 pẹ́, pé ó sì fi nǹkan bí mítà 780 rìn ju ìgbì tààrà lọ.

Páànù tí ó wà ní mítà 15 kò lè fi ju mítà 30 kún ìrìn náà, ní àlọ àti àbọ̀. Òjìji rẹ̀ kò ní tó mìlímítà kan. Ojú kò lè yà á sọ́tọ̀. Ohun tí ó fa tiwa kò lè sún mọ́ ilé wa ju nǹkan bí mítà 390 lọ, ibi yòówù kí ó wà. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà ilé-iṣẹ́, mo ń ka ìṣísẹ̀. Níwájú mi ni ilé alájà mẹ́fà kan wà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

4. Àtúnṣe

Èríálì mi jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, tí ń gba ìgbì níwájú àti lẹ́yìn bákan náà. Mo rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú irú èyí tí Shintaro Uda àti Hidetsugu Yagi gbé jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1926: ọ̀pá púpọ̀ lórí igi kan, tí ọ̀kan lẹ́yìn ń dínà fún ohun tí ó bá ti ẹ̀yìn wá. Òjìji náà lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún aládùúgbò mi.

5. Àwọn àmì mìíràn

Bí ojú àpótí bá ń hó bí ìyẹ̀fun tí a dà sílẹ̀, ìgbì ni kò tó. Kí a kọ́kọ́ wo wáyà àti ìsopọ̀ rẹ̀, nítorí pé omi òjò a máa wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fún ìgbì lágbára kò lè ya èso kúrò lára ìdọ̀tí. Ariwo tí ó bá ti wọlé, yóò fún òun náà lágbára. Bí àwòrán bá sì mọ́ nígbà tí ènìyàn di èríálì mú, ara onítọ̀hún ti di apá kan èríálì náà: kí a gbé e kúrò níbẹ̀. Lórí ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, àyè sẹ̀ǹtímítà 12 péré lè wà láàárín ibi tí ó dára jù àti ibi tí ó burú jù.

Ètò oní-díjítà, tí wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Jos ní ọdún 2016, kì í fi òjìji hàn. Àwòrán rẹ̀ a mọ́ kedere títí agbára ìgbì yóò fi já wálẹ̀ dé ààlà kan. Lẹ́yìn náà, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, tàbí kí ó dúró gbagidi. Kò fún ni ní àmì tí a lè fi rúlà wọ̀n. Nítorí náà, ìlànà wa gbọdọ̀ le sí i: kí a yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a kọ ohun tí a rí sílẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan òmíràn.

6. Ìparí

Àwọn àgbà ní, a kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Mo gbọ́ ti ojú mi nìkan, mo sì dá páànù lẹ́bi. Rúlà tí kò ju náírà kan lọ ni ó tú ẹjọ́ náà palẹ̀. Àwọn ọmọ aládùúgbò mi padà wá jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá mi láti wo ìròyìn, olùka-ìròyìn sì ti di olórí kan.