Karl Polanyi àti Etíkun Àgbádárìgì: Bí Ìwé Kan Ṣe Wáyé

Ní ọdún 1966, lẹ́yìn ọdún méjì tí Karl Polanyi ti papò dà, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà gbé ìwé rẹ̀ kan jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dahomey and the Slave Trade. Ìwé náà kò sọ nípa Vienna tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé, kò sọ nípa Budapest tí ó ti gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ nípa New York tí ó ti ṣe olùkọ́. Etíkun àwọn Fọn àti Ẹ̀gùn ni ó dá lé, etíkun tí Àgbádárìgì tiwa, ìlú tí òkun ń bú ramúramù níwájú rẹ̀ tí ọ̀sà sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté rẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ni ó wá gbé onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Yúróòpù, tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kà sí ẹni tí ó ya ọ̀nà tirẹ̀, dé ìdí owó ẹyọ àti ọjà àwọn aládùúgbò wa?

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1886 ni wọ́n bí i, sínú ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ sọ di ibi àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ náà kò bá bàbá rẹ̀, tí iṣẹ́ rélùwéè jẹ́ òwò rẹ̀, dalẹ́. Polanyi kọ́ ìmọ̀ òfin, ó jagun lórí ẹṣin nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣí lọ sí Vienna lẹ́yìn ogun, ó fẹ́ Ilona Duczyńska ní 1923, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ọrọ̀ ajé kan níbẹ̀. Nígbà tí òjò ìfipájọba ṣú dẹ̀dẹ̀ ní 1933, ó kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìlú Kent àti Sussex, tí ó sì ń wádìí bí ẹ̀rọ àti ilé iṣẹ́ ti ṣe tú ìgbé ayé àwọn baba wọn ká.

Inú ìwádìí yẹn ni ìwé ńlá rẹ̀, The Great Transformation, ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ Bennington ní Vermont ni ó ti kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1944. Ohun tí ó wí nínú rẹ̀ ni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, abẹ́ àṣà, ẹ̀sìn àti ẹbí ni ọjà máa ń wà, kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń wà lábẹ́ ọjà. Pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti fi ohun gbogbo sábẹ́ ọjà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sọ ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn àti owó di ọjà títà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti tà á: Ẹlẹ́dàá ni ó dá ilẹ̀, iṣẹ́ kò ṣeé yà kúrò lára òṣìṣẹ́, owó sì jẹ́ àdéhùn àwùjọ. Ìlú tí ó bá fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀ fún ọjà nìkan, ó wí pé ara rẹ̀ ni ó ń fọ́.

Ní 1947 ni Yunifásítì Columbia ní New York pè é láti wá máa kọ́ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé Ilona ti bá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ṣe rí, ìjọba Amẹ́ríkà kò fún un ní ìwé ìwọ̀lú, ni tọkọtaya bá fi Pickering ní Kánádà ṣe ibùgbé, tí ọkọ sì ń ti ibẹ̀ lọ, tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ní Columbia ni òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí òwò àwọn ará àtijọ́, láti Bábílónì títí dé Mẹ́síkò. Nínú ìwé tí wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe ní 1957, Rosemary Arnold ni ó kọ nípa Ouidah, èbúté ìjọba Dàhòmì. Irúgbìn tí ó hù di ìwé 1966 nìyẹn, tí Abraham Rotstein bá Polanyi fi ọwọ́ sí.

Ohun tí Polanyi ń wá ni ó rí ní Dàhòmì: ìjọba tí ó ní owó, tí ó ní ọjà, tí ó ń bá òyìnbó ṣòwò, síbẹ̀ tí ọjà kò jọba lé e lórí. Ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí ń para pọ̀ roko, tí ń mọ ilé fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní dókpwè, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀wẹ̀ àti àáró kò níí ṣàìdá mọ̀. Ó kà nínú ìwé Melville Herskovits, tí wọ́n tẹ̀ ní 1938, bí ààfin ọba Dàhòmì ní Abomey ti ń fi òkúta wẹẹrẹ ka àwọn ènìyàn, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, tọmọdé lọ́tọ̀, kí ọba lè mọ iye ẹni tí ó lè pè lọ sógun. Ó rí i pé owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ lọ́jà láìsí àwìn, àti pé ní Ouidah, Yovogan, ìjòyè tí ọba fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó, ni ó ń mójú tó gbogbo òwò òkun, kí àlejò má baà fi owó rẹ̀ da ìlú rú.

Owó ẹyọ yìí, Ajé Ògúgúlùsọ̀ tí ó ti erékùṣù Maldives la òkun kọjá wá sọ́dọ̀ wa, ni ìwé náà fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n a sín ogójì sórí okùn kan, okùn márùn-ún a di igba, igba mẹ́wàá a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ẹrù tí alágbára ń rù. Polanyi gbà pé 32,000 owó ẹyọ ni áúnsì wúrà kan fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí àṣẹ ọba ni ó dì í mú. Níhìn-ín ni àwọn onítàn ti bá a jà: ní 1992, Robin Law fi àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò hàn pé owó ọjà ń lọ sókè ní Dàhòmì, àti pé àṣẹ ọba kò tó láti dá a dúró. Inú ìwé ni Polanyi ti mọ etíkun yìí, àwọn àgbà sì ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ọ̀rọ̀ tí ó ká mi lára jù, síbẹ̀, kì í ṣe ti iye owó. Ìjọba tí ètò rẹ̀ wu Polanyi tó bẹ́ẹ̀ ni ogun rẹ̀ kó Allada ní 1724, tí ó kó Ouidah ní 1727, tí àwọn tí orí kó yọ fi sá wá sí ìhà ìlà-oòrùn, tí wọ́n sì wà lára àwọn tí ó sọ Àgbádárìgì di ìlú. Ìjọba yìí kan náà ni ogun rẹ̀ tún fọ́ Àgbádárìgì ní 1784. Àgbádárìgì pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́. Ní ọjà Vlekete, ènìyàn ni ọjà. Wọ́n a yẹ eyín wò, wọ́n a yẹ apá wò, wọ́n a dá iye lé ọmọ ọlọ́mọ, kí ọkọ̀ tó gbé e la ọ̀sà kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí òkun ti ń dúró dè é. Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀, ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Nínú ìwé Polanyi, ìyìn ètò ààfin pọ̀ ju ẹkún ìyá yẹn lọ.

Síbẹ̀, mi ò ní kí á sọ ìwé náà nù, nítorí pé òǹkọ̀wé náà fúnra rẹ̀ ni ó ti fún wa ní òṣùwọ̀n tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní 1944 pé iṣẹ́ ènìyàn kì í ṣe ọjà kò lè rí ẹ̀rí tí ó le ju ti etíkun yìí lọ, níbi tí wọn kò tilẹ̀ dúró lórí iṣẹ́ ènìyàn, tí wọ́n ta ènìyàn fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Kari Polanyi Levitt, tí òun náà di onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì McGill, ni ó kọjá sí òdì kejì òkun: òun àti Lloyd Best ará Trinidad ṣe ìwádìí lórí ọrọ̀ ajé oko ńlá ní àwọn erékùṣù Karibíánì, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí a tà láti etíkun wa ti lo ọjọ́ ayé wọn. Bàbá kọ nípa èbúté tí wọ́n ti wọ ọkọ̀, ọmọ kọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń wí pé kí àwọn olùkọ́ wa ka ìwé méjèèjì Polanyi pọ̀ fún àwọn ọmọ Àgbádárìgì. Èyí tí ó sọ nípa Dàhòmì yóò kọ́ wọn pé kì í ṣe ọjà nìkan ni ó lè ṣètò ayé, àti pé àwọn baba wa ní ọgbọ́n ìṣèlú tí àgbáyé ń kọ́. The Great Transformation yóò sì kọ́ wọn pé ètò, bó ti wù kí ó gún tó, ìbàjẹ́ ni bí ó bá fi owó dá iye lé ọmọ ènìyàn. Ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ tí ó bá tún gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ìtàn etíkun yìí nìkan tó fún wa láti kọ̀ ọ́.