Ooru Wọlé, Kò Rọ́nà Jáde

Ọkọ̀ ojú irin kékeré aláwọ̀ ìyeyè ló gbé èmi àti àbúrò mi gun òkè Pyrenees, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Toulouse ni àbúrò mi yìí ń gbé. Òun ló ní n kò gbọdọ̀ padà sílé láì dé ibi tí wọ́n ti ń fi oòrùn yọ́ irin. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Mont-Louis, atẹ́gùn tutù débi pé mo di bọ́tìnì kóòtù mi dé ọrùn, síbẹ̀ oòrùn ń ta mí lójú bí ata. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Eruku àti ìkùukùu kì í sábà pọ̀ lójú ọ̀run ibẹ̀, ìtànṣán oòrùn a sì máa bọ́ sílẹ̀ tààrà.

Inú odi àtijọ́ ni Mont-Louis wà. Vauban, ọ̀gá àwọn tó ń mọ odi fún ọba Louis Kẹrìnlá, ló ya àwòrán rẹ̀. 1679 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1949, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Félix Trombe, gbé ààrò kan kalẹ̀ ní ìlú yìí tí kò lo igi, kò lo èédú, kò sì lo epo. Dígí nìkan ni. Àwọn dígí pẹrẹsẹ kan wà tó ń yí tẹ̀lé oòrùn. Wọ́n ń ju ìmọ́lẹ̀ sára dígí ńlá mìíràn tó tẹ̀ wọnú bí inú igbá, igbá náà sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú kan ṣoṣo níwájú rẹ̀.

Obìnrin tó ń mú wa káàkiri fún wa ní gíláàsì dúdú. Àbúrò mi di apá mi mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bọ́ ọ o, ojú yín ni.” Obìnrin náà fi irin gígùn kan ti pákó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé. Mo rò pé yóò kọ́kọ́ rú èéfín. Rárá o, kí n tó ṣẹ́jú, iná ti sọ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé awẹ́ irin kan síbẹ̀. Ó pọ́n. Ó di àwọ̀ ọsàn. Ó funfun. Lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ tótó bí àdí, ihò sì yọ níbẹ̀.

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn ni èyí tó tẹ̀lé e. Obìnrin náà dí ìmọ́lẹ̀, mo sì tẹjú mọ́ irin náà, mo ń kà á lábẹ́nú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. N kò tíì ka ogún tí pípọ́n rẹ̀ fi rá, tó dúdú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí bó ṣe yára kú?” ni àbúrò mi wí.

Mo bi obìnrin náà léèrè ibi tí ooru yẹn gbà lọ. Ó ní ọ̀nà tó gbà wọlé náà ló gbà jáde: ìmọ́lẹ̀ ló gbé e wá, ìtànṣán tí ojú wa ò rí ló sì gbé e lọ.

Ìdáhùn yẹn ni mo gbé lọ́kàn kúrò níbẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ìṣòro iṣẹ́ yìí. Ohunkóhun tó bá gbóná ni ń tú ooru jáde lára, bó bá sì ṣe gbóná sí i ni títú náà ń le sí i kọjá bí a ṣe rò. Ká ka ìwọ̀n ooru láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òtútù ti dópin, ìyẹn 273 sísàlẹ̀ òdo. Bí ohun kan bá gbóná ní ìlọ́po méjì lórí ìwọ̀n yẹn, ooru tó ń tú jáde lára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Oòrùn tó mú gan-an ń kó nǹkan bí kílówáàtì 1 lé orí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti òró. Bí ohun dúdú tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá wà ní 1,000°C, nǹkan bí kílówáàtì 150 ni yóò máa tú dànù.

Ọkọ̀ ojú irin náà la tún wọ̀ dé Odeillo, níbi tí Trombe àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọ́ ààrò tó tóbi ju ti Mont-Louis lọ fíìfíì. 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Odidi ilé alájà púpọ̀ ni, àríwá ni ojú rẹ̀ kọ sí, ojú náà látòkè délẹ̀ sì jẹ́ dígí kan tó tẹ̀ wọnú, èyí tí wọ́n fi dígí kéékèèké tó lé ní 9,000 tò. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo sì rí abúlé àti igi nínú rẹ̀ ní ìdojúdé: ilẹ̀ wà lókè, ọ̀run wà nísàlẹ̀. Lórí òkè tó dojú kọ ọ́, dígí pẹrẹsẹ 63 tò ní ìpele ìpele bí ebè oko, gbogbo wọn ń tẹ̀lé oòrùn lọ díẹ̀díẹ̀. Agbára tí wọ́n ń kó jọ tó mẹ́gáwáàtì 1, wọ́n sì máa ń dé nǹkan bí 3,500°C níbẹ̀. Tungsten, irin tó ṣòro yọ́ ju gbogbo irin yòókù lọ, 3,422°C ló ń yọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì kí ọwọ́ tó ṣe é. Àmọ́ bí mo ṣe ń wo àwọn dígí tó bo òkè náà, mo rí i pé púpọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀ láti dí ohun tó ń jò. Bí ooru ṣe ń jáde la ń kó òmíràn wọlé, bí ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ gbé omi, tó wá ń wá apẹ̀rẹ̀ mìíràn kún un. Ìyá mi àgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí iná rẹ̀. Ní alẹ́, á fi eérú bo ẹyin iná. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á hú eérú kúrò, á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, iná á sì jó. Ohun tó ṣòro níbi ti oòrùn ni pé òde ni iná ti ń wọlé. Eérú tí a ó fi bò ó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ooru má sì rí ibẹ̀ gbà padà.

Trombe fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ní Odeillo yìí kan náà, òun àti ayàwòrán ilé Jacques Michel kọ́ ilé kan ní 1967. Ògiri kọnkéré tó nípọn ni wọ́n mọ sí ìhà oòrùn, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n sì fi gíláàsì bo iwájú rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Edward Morse, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú èrò yìí ní 1881, ṣùgbọ́n orúkọ Trombe ni ayé fi ń pe ògiri náà lónìí. Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò sínú oòrùn ní Ìbàdàn, tó yí gbogbo gíláàsì rẹ̀ sókè, tó sì padà wá jókòó sórí àga rẹ̀, mọ iṣẹ́ tí gíláàsì ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú gíláàsì kọjá. Ooru tí àga ń tú jáde kò lè gba ibẹ̀.

Gíláàsì lásán tó fún ilé tí a fẹ́ mú lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá ìdérí tó lágbára jù ú. Ọ̀kan nínú irú wọn ni aerogel, tí Samuel Kistler kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1931. Ohun kan náà tó wà nínú yanrìn ni wọ́n ń fi ṣe é, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, nínú ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Bí a bá gbé e sọ́wọ́, á dà bí èéfín tó dì. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT gbé èyí tó mọ́ gaara sórí òrùlé kan ní ìlú Cambridge, ní Massachusetts, ní àkókò òtútù. Òde wà nísàlẹ̀ òdo. Abẹ́ aerogel náà kọjá 200°C, láìsí dígí kankan tó ń kó oòrùn jọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Íńdíà fi irú rẹ̀ ṣe ooru omi tó gbóná tó 128°C ní Mumbai, èyí tó tó láti pa kòkòrò lára irinṣẹ́ ilé ìwòsàn. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà sún mọ́. Dígí Odeillo kò níṣẹ́ láìsí ìtànṣán tààrà, ìkùukùu àti ọyẹ́ sì máa ń gba ìtànṣán tààrà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ọdún.

Ṣùgbọ́n aerogel kò lè dúró níwájú iná irú èyí tó yọ́ irin ní Mont-Louis. Ní 2024, Emiliano Casati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ETH ní Zurich, ní Switzerland, gbé ìdáhùn kan jáde. Wọ́n mú ọ̀pá quartz tó mọ́ bí omi, wọ́n so àwo pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi silicon ṣe mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n sì da ìmọ́lẹ̀ tó tó oòrùn 136 gba orí ọ̀pá náà. Àwo tó wà nísàlẹ̀ gbóná dé 1,050°C. Orí ọ̀pá tó kọ sí òde kò kọjá 600°C. Mo jókòó sórí ògiri kan lẹ́bàá ọ̀nà Odeillo, mo sì ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé mi. Bí a bá fi oòrùn 136 yẹn lu ohun dúdú tí a kò bo, kò lè kọjá nǹkan bí 970°C, bó tilẹ̀ gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà sára. Ìdérí nìkan ló mú àfikún yẹn wá. Ooru tó fẹ́ padà sóde há sínú quartz. Ojú tí quartz náà sì fi kọ sí òde kò gbóná tó inú. Ohun tó wà ní 600°C kì í tú ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ooru tí èyí tó wà ní 1,050°C ń tú jáde.

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣe?” ni àbúrò mi bi mí.

Mo rán an létí Ewékoro, tí a máa ń gbà kọjá nígbà èwe wa, tí a máa ń na ọrùn láti fèrèsé ọkọ̀ wo ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná tó tó 1,450°C kó tó di sìmẹ́ńtì. Irin, gíláàsì àti àwo amọ̀ náà ń béèrè iná líle, epo, gáàsì àti èédú ló sì ń dá púpọ̀ nínú iná yẹn káàkiri ayé. Nínú ìṣirò àwọn ará Zurich, ààrò tó gbóná dé 1,200°C lábẹ́ oòrùn 500 ń tọ́jú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ooru rẹ̀ bí a kò bá bò ó. Bí a bá fi quartz bò ó, á di 70. Iye oòrùn náà kò yí padà.

Ilẹ̀ ṣú kí a tó dé ilé tí a fẹ́ sùn. Dígí ńlá náà ti dúdú, àwọn 63 orí òkè sì ti dákẹ́. Yàrá wa ní ògiri òkúta kan lẹ́yìn gíláàsì, ní ìhà ibi tí oòrùn ti kọjá lójú ọ̀sán. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, tí òtútù ti bo gbogbo òde, mo gbé ọwọ́ lé òkúta náà. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ń sùn. Mo pe àbúrò mi pé kó wá fọwọ́ kàn án.