Ẹ Má Jẹ́ Kí Àìní Ta Àgbàdo Yín



Ní oṣù kẹjọ, àgbàdo tuntun kún ọjà. Gbogbo wa là ń tà á lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Tí ó bá di oṣù karùn-ún, àká ti ṣófo, àgbàdo ti wọ́n. Àgbẹ̀ tó tà á ní ọ̀pọ̀ ń padà rà á ní ọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wá owó ilé-ìwé ọmọ. Àìní ló bá a ta ọjà.

Ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ kan wà. Àwọn àgbẹ̀ Niger bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn FAO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Benin náà. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé ni warrantage. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n wá ilé tí kì í jò, tí eku kò lè wọ̀.
2. Olúkúlùkù kó àgbàdo wá. A ka àpò rẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé.
3. A fi àgádágodo méjì ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, èkejì wà lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́. Ẹnì kan kò lè dá a ṣí.
4. Ilé ìfowópamọ́ yá àgbẹ̀ lówó. Àgbàdo ni ìdógò.
5. Nígbà tí ọjà bá wọ́n, a ta àgbàdo, a san gbèsè àti èlé. Ìyókù di ti àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Ká ní àpò kan jẹ́ 15.000 sẹ́fà ní oṣù kẹjọ. Àpò 10 jẹ́ 150.000. Àgbẹ̀ yá 100.000. Ní oṣù karùn-ún, ó ta àpò kọ̀ọ̀kan ní 20.000, ó gba 200.000. Ó san 100.000 tó yá, àti 15.000 fún èlé àti owó ilé. Ó ku 85.000. Tí a bá fi 100.000 àkọ́kọ́ kún un, ó jẹ́ 185.000. Ó jèrè 35.000.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọjà lè má wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Benin kò rí ọ̀nà gbé ọjà wọn kọjá. Nítorí náà, ẹ má yá owó tó tó iye gbogbo àgbàdo yín. Ẹ fi èyí tí ẹ ó jẹ sílẹ̀ nílé.

Kí àgbàdo gbẹ dáadáa kó tó wọ àpò. Èyí tó tutù máa ń bu, oró inú rẹ̀ a sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ní ìparí, ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Kí olúkúlùkù ka orúkọ rẹ̀, iye àpò rẹ̀ àti iye èlé fúnra rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí ìwé.