Ìlànà Gbígba Omi Òjò láti Orí Òrùlé Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìfáàrà
Láyé àtijọ́, ó wọ́pọ̀ nínú agboolé Yorùbá kí àwọn ará ilé gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì rọ omi rẹ̀ sínú àmù. Ọgbọ́n yìí kan náà ni gbígba omi òjò ní ilé-ẹ̀kọ́ dúró lé. Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìlú tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Òjò ọdún kan níbẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1,500. Síbẹ̀, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn a máa mú kí omi kànga fà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa fi àkókò ẹ̀kọ́ gbé korobá kiri. Nítorí náà, kì í ṣe bí omi yóò ṣe wá ni ìṣòro, bí kò ṣe bí yóò ṣe pẹ́.

Ìṣirò Omi
Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí òrùlé bò ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe ìwọ̀n páànù tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ilé kan bá gùn ní mítà 40, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, òrùlé rẹ̀ bo mítà onígun mẹ́rin 400. Bí ìdá kan nínú márùn-ún omi náà bá ṣòfò, èyí tí yóò kù lọ́dún ni:
1,500 × 400 × 0.8 = lítà 480,000.

Bí ènìyàn 200 bá ń lo lítà 5 lójúmọ́ fún ọwọ́ fífọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, lítà 60,000 ni wọn yóò lò ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 60 nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Táńkì lítà 2,000 yóò gbẹ láàrin ọjọ́ méjì. Àgbá sìmẹ́ńtì tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 3, ni yóò gba lítà 60,000 náà. Mìlímítà òjò 187.5, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ òjò ọdún, ti tó láti kún un. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí àgbá náà kún kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí wọ́n sì dá omi rẹ̀ sí níwọ̀n ìgbà tí kànga bá ṣì lómi.

Ètò àti Ìtọ́jú
Gọ́tà etí òrùlé gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà kọ̀ọ̀kan kí omi má baà dúró sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ti kún orí páànù. Nítorí èyí, ó yẹ kí páìpù kan kọ́kọ́ da nǹkan bíi lítà 200 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kí omi tó wọ àgbá. Asẹ́ yóò dá ewé dúró. Nẹ́ẹ̀tì yóò dènà ẹ̀fọn. Ìdérí yóò dènà oòrùn àti ewu fún ọmọdé. Omi tí wọn yóò bá mu gbọ́dọ̀ jẹ́ sísè tàbí kí wọ́n fi kiloríìnì sí i ní ìwọ̀n tó yẹ.

Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn gbangba pé títóbi àgbá, kì í ṣe títóbi òrùlé, ni yóò sọ bóyá ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní omi ní oṣù Kejì. Olùkọ́ ìṣirò lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn òrùlé kíláàsì tiwọn, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò yìí fúnra wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.