Gbàǹjo fún Iṣẹ́ Àánú

Ẹni tí ó bá ti lọ sí ìsìn ìkórè rí yóò mọ bí a ti ń lu nǹkan ní gbàǹjo fún iṣẹ́ àánú. A óò gbé iṣu kan sókè, a óò sì dárúkọ iye kan. Ẹnì kan yóò fi owó lé e, ẹlòmíràn yóò tún lé e, títí kò fi ní sí ẹni tí yóò fi kún un mọ́. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó rà á yóò dá a padà kí a tún un tà. Kì í ṣe pé kò mọ iye tí iṣu jẹ́ ní ọjà. Èlé tí ó san ni ọrẹ rẹ̀.

Bákan náà ni wọ́n ń ṣe ní òkè òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 1997, a lu ẹ̀wù 79 tí Diana, tí ó ti jẹ́ aya àrẹ̀mọ ọba Gẹ̀ẹ́sì rí, ti wọ̀ ní gbàǹjo ní New York. Owó rẹ̀ ju 3,000,000 dọ́là lọ, fún ìrànlọ́wọ́ àwọn alárùn jẹjẹrẹ àti éèdì.

Ṣùgbọ́n ariwo kì í ra oògùn. Ẹni tí ó náwọ́ sókè láàárín àwùjọ, tí kò sì san owó náà, aláìsàn ni ó jẹ ní gbèsè.